Àpótí Ìmọ̀: Ìsinmi Ìbímọ àti Owó Oṣù

Abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12: 6 ṣáájú ìbímọ, tó bá ti gba ìwé dókítà, àti 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gba ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀, ó kéré tán. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà: àsìkò tí ìnáwó ń pọ̀ sí i ni owó tó ń wọlé lè dín kù. Gbàrà tí oyún bá ti hàn ló yẹ kí tọkọtaya ti jókòó ṣírò. Ká ní 100,000 náírà ni ìyàwó ń gbà lóṣù, àlàfo oṣù 3 á tó 150,000. Àjọ 25,000 lóṣooṣù fún oṣù 6 á dí i pátápátá.

Àwọn kan á ní a kì í palẹ̀ mọ́ de ọmọ tí a ò tíì bí. Ìbẹ̀rù wọn yéni, ṣùgbọ́n àjọ kì í ṣe aṣọ ọmọ tuntun. Bó ti wù kí ìkúnlẹ̀ rí, ìyá á nílò owó náà. Aránṣọ àti ìyá ọlọ́jà tó ń dá ṣiṣẹ́ ara wọn ò tilẹ̀ ní ọ̀gá tí yóò san ìdajì yẹn, nítorí náà, tiwọn ló yẹ kó tètè bẹ̀rẹ̀ jù.