Kí O Tó Tẹ "Enter"

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Awẹ́ gbé iṣẹ́ fún ọ̀dọ́ kan tó ń kọ kóòdù, pé kó ṣe ètò tí wọn yóò máa fi ṣírò owó àjọ àti ẹ̀yáwó. Wọ́n kó orúkọ, nọ́ńbà fóònù, NIN àti nọ́ńbà àkáǹtì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lé e lọ́wọ́. Lóru ọjọ́ kan, kóòdù kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Ohun tó máa ń yá jù ni pé kó kó gbogbo fáìlì náà dà sínú ẹ̀rọ AI tó ń báni kọ kóòdù, tòun ti orúkọ àwọn ìyá tó ń tajà lọ́jà. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí àgbà iṣẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àwọn òṣìṣẹ́ Samsung ṣe irú rẹ̀ ní 2023: wọ́n kó kóòdù iléeṣẹ́ sínú ChatGPT. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún, iléeṣẹ́ náà ti fòfin de irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iléeṣẹ́ lè tún kóòdù kọ, ṣùgbọ́n èèyàn kì í pààrọ̀ NIN bí ẹni pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative tú àṣírí pé ìkànnì AnyVerify ń ta NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà ní 100 náírà. Kì í ṣe AI ló fà á, àmọ́ ó fi hàn pé ọjà wà fún ohun tó wà nínú fáìlì alájẹṣẹ́kù yẹn.

Bọ́tìnì ìdáàbòbò wà lára àwọn ẹ̀rọ yìí, ọjọ́ àkọ́kọ́ sì ló yẹ ká wá a. Ti ChatGPT wà lábẹ́ "Data controls". "Privacy Mode" ni ti Cursor. Ní 2025, Anthropic tó ni Claude Code ní kí àwọn tó ń lo àkáǹtì ti ara wọn yàn: ẹni tó bá gbà kí wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ AI, wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ tó ọdún 5, ẹni tó bá kọ̀, ọjọ́ 30.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í fiyè sí ọjọ́ 30 yẹn. Bí wọ́n tilẹ̀ pa bọ́tìnì, fáìlì ṣì ń kúrò ní Awẹ́ lọ sórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tó ni AI, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ti ń wá.

Nítorí náà, àyédèrú orúkọ ni kí ọ̀dọ́ náà fi dán kóòdù wò. Nọ́ńbà 11 ni NIN. Oódo 11 tó fún ìdánwò. Kó ka ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà gbé jáde kó tó kó o fún AI, torí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sábà máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Kó kọ .env, níbi tí kọ́kọ́rọ́ ìwọlé wà, sínú .cursorignore, fáìlì tó ń sọ ohun tí Cursor kò gbọdọ̀ kà. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti jáde, pípa ìlà náà rẹ́ kò tó, torí Git tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù ṣì ń rántí rẹ̀. Kó fagi lé kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún, kó gba tuntun.

Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fún ẹgbẹ́ ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ NDPC bí dátà bá jò lọ́nà tó lè pa èèyàn lára. Torí náà, ọ̀dọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì gbọ́dọ̀ tètè pe alága ẹgbẹ́, kó sọ fáìlì tó lọ, ìgbà tó lọ, àti ẹ̀rọ tó gbà á.