Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Wa Jíìpù Kọjá Bodè

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ tí àwọn onímọ́tò wa mọ̀ jù lọ ni iná rẹ̀kẹ̀ǹdẹ̀ lórí òrùlé ọkọ̀, irin tí wẹ́dà jó mọ́ iwájú, àti táyà tí eyín rẹ̀ tóbi débi pé bó bá wà ní Pákò n'Ígbó-Ọrà wa níbí, ará Ìbẹ̀rẹ̀kòdó ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí jíìpù bá ti rí báyìí, ẹni tó ni ín á ní Senegal ti yá nìyẹn, tàbí Morocco. Àlá náà kò burú. Láti ìgbà tí Pẹ̀lúmi Nubi ti dá nìkan wa ọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù wọ Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn ọ̀dọ́ tó ń lá a ń pọ̀ sí i ni. Ìbéèrè tèmi sí wọn kì í ju ẹyọ kan lọ: ìgbà wo lo pààrọ̀ omi rádíétọ̀ rẹ kẹ́yìn?

Peugeot 107 ni Nubi wà, ọkọ̀ kékeré tí àwọn ìyá wa lè fi lọ ra ata lọ́jà. Kì í ṣe jíìpù rárá. Jàǹbá ṣe é ní Côte d'Ivoire, wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe, ó sì tún mú ọ̀nà pọ̀n. Ọdún méjì ṣáájú rẹ̀, Kúnlé Adéyanjú ti gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó, láti oṣù kẹrin sí ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2022, kó lè kówó jọ fún ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ọlábísí Àjàlá, tí orúkọ rẹ̀ ti di àpèlé fún gbogbo alárìnkiri, sìkútà ló gùn. Nítorí náà, wíìlì mẹ́rin tó ń fà lẹ́ẹ̀kan náà kọ́ ló ń gbé èèyàn débi tó ń lọ. Iyanrìn Mauritania àti ẹrẹ̀ Guinea lásìkò òjò ló mú kí jíìpù wúlò, pẹ̀lú àyè tó ní fún ẹrù. Àyè yẹn gan-an sì ni wàhálà. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Lára ọkọ̀, táyà ni igi gogoro. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi àkísà nu erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ táyà kúrò, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Lẹ́yìn àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà mẹ́rin ló wà níparí. Bí ó bá jẹ́ 2219, ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà yìí ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síta, ó lè wà ní ẹ̀gbẹ́ inú. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wò ó. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà kọjá ọdún mẹ́rin. Táyà tókunbọ̀ tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀, tí wọ́n fi nǹkan dúdú kùn, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó lè ti lo ọdún mẹ́fà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Eyín rẹ̀ ṣì lè pọ̀, àmọ́ rọ́bà rẹ̀ ti gbó. Ní ti èkìtírà táyà, ará Igbó-Ọrà, ìlú àwọn ìbejì, kò tún ní bi mí pé mélòó: ìbejì ni. Táyé wà lábẹ́ ọkọ̀, Kẹ́hìndé wà lẹ́yìn, kí sáìsì àwọn méjèèjì sì bá ti mẹ́rin tó wà nílẹ̀ mu, torí bí wíìlì mẹ́rin bá ń fà tí sáìsì wọn kò dọ́gba, gíyà ni yóò jẹ gbèsè rẹ̀.

Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹ má kàn gbé kọ́kọ́rọ́ fún mẹkáníìkì kí ẹ sì bá tiyín lọ. Ẹ jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kó tú nọ́ọ̀tù ọ́ìlì dífù níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ ti ìka bọ̀ ọ́: bí ọ́ìlì náà bá ti ń funfun, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ sì ní láti mọ ibi tó gbà wọlé kí ẹ tó da tuntun sí i. Ẹ tẹ gbogbo họ́ọ̀sì rádíétọ̀ wò. Èyí tó bá le gbagidi tàbí tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Omi kànga kọ́ ló yẹ inú rádíétọ̀. Kúláǹtì ni, torí omi lásán a máa mú kí irin inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà. Ẹ fi ojúlówó fáànù bẹ́líìtì sí i, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ yọ pamọ́ sábẹ́ ìjókòó bí kò bá tíì sán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ọ̀pá 4H àti 4L, èyí tó ń mú kí wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà. Ọ̀pọ̀ jíìpù ìlú ni wọn kò tíì fi ọ̀pá náà síbì kan láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dé láti òkè òkun, ọjọ́ tí wọ́n bá sì há sẹ́rẹ̀ ni wọ́n ń mọ̀ pé kò wọlé mọ́. Ẹ máa lò ó ní ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà gbígbẹ, àfi bí jíìpù yín bá jẹ́ irú èyí tí wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà nígbà gbogbo, ẹ má fi sí 4H. Bí ọkọ̀ bá ń kọ́nà, wíìlì iwájú ń rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ, bí a bá sì ti so wọ́n pọ̀ mọ́ra, kò síbi tí ìyàtọ̀ yẹn máa gbà jáde. Irin inú gíyà ló máa ń lọ́.

A kì í ru ẹran erin lórí ká tún máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Àwọn tó ń lọ sọ́nà jíjìn ni òwe yìí bá wí jù. Wọ́n á ní ọ̀nà ti jìn jù, nítorí náà kí wọ́n kó gbogbo ilé dání. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan. Kẹ́ẹ̀gì omi oní-lítà 20 méjì, 40 nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì dísù méjì tó tó bẹ́ẹ̀, ó lé ní 30. Táyà kejì pẹ̀lú rímù, bíi 30. Irin òrùlé tí wẹ́dà wa ṣe, ká fi ojú bù ú sí 40. Ẹ ti dé 140 kí ẹ tó gbé àpò gààrì kan lé e. Bí gbogbo èyí bá wà lórí òrùlé, jíìpù tó ga tẹ́lẹ̀ ti di ọkọ̀ tó ń fì, tí yóò fẹ́ dojú dé lọ́jọ́ tí ẹ bá yà fún ewúrẹ́ lójijì. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá máa ń kọ ìwọ̀n tí òrùlé lè gbé. Ẹrù tó wúwo, ilẹ̀ ọkọ̀ ni kó wà, lẹ́bàá ẹ̀yìn ìjókòó iwájú, kí ẹ sì fi okùn dè é. Aṣọ àti búláńkẹ́ẹ̀tì ló yẹ òrùlé.

Epo pẹ̀lú ní ìṣirò. Jíìpù tó ń mu lítà 12 fún kìlómítà 100, lítà 80 inú táǹkì yóò gbé e tó kìlómítà 650. Láti Kútọnu dé Àkárà, tàbí dé Abidjan pàápàá, ibo ni ẹ ti fẹ́ rìn tó bẹ́ẹ̀ láì rí ilé epo? Aṣálẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì wà fún. Láti Nouakchott sí Nouadhibou ní Mauritania tó bíi kìlómítà 470, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kún wọn. Kẹ́ẹ̀gì onírin sì ni. Ẹ má gbé epo bẹntiróòlù sínú rọ́bà pẹ̀lú àwọn èèyàn nínú ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ wà ní títì. Ní Benin, ẹ ó rí epo nínú ìgò lẹ́bàá títì, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo. Epo wa náà ni, tí wọ́n ti fà gba bodè. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, kò fi bẹ́ẹ̀ dínwó mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ìgò náà.

Irinṣẹ́ kò gbọdọ̀ pọ̀: ṣọ́bìrì, okùn fífà tó nípọn, pákó pẹlẹbẹ tí jáàkì yóò dúró lé kó má baà rì sínú iyanrìn, fíìtà dísù méjì, fíúsì, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná bátìrì fẹ́ táyà. Ẹ̀rọ yẹn ni mo kà sí ohun àkọ́kọ́ láti rà, ṣáájú iná òrùlé. Bí ọkọ̀ bá wọ iyanrìn, ẹ ó tú atẹ́gùn táyà sílẹ̀ sí bíi 18 lórí géèjì, táyà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò sì gun iyanrìn kọjá. Kí ẹ tó padà sórí ọ̀dà, ẹ gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ padà. Táyà rírọ̀ tí a bá ń sá eré lé lórí a máa gbóná títí yóò fi bẹ́.

Wàyí o, kí ẹ tó lọ, ẹ kọ́kọ́ dán ọkọ̀ náà wò nítòsí ilé: ẹ di gbogbo ẹrù náà bí ẹni ń lọ Dakar. Ẹ gba Ìdèrè lọ sí Ayétẹ̀, títí dé Ìgàngán, kí ẹ yà sí ọ̀nà tí àwọn tó ń kó ẹ̀gẹ́ ń gbà, ibi tí òjò ti gbẹ́ ilẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan àárín wíìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì ló há tàbí bíárìn ló ń kú. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ọ́ìlì ń jò, ẹ fún nọ́ọ̀tù òrùlé le, torí wọ́n á ti dẹ̀. Ẹ sun inú ọkọ̀ náà mọ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn ní gbogbo àkókò yìí, yàtọ̀ sí àwọn irinṣẹ́ àti oògùn, ẹ gbé e sílẹ̀ nílé. Bí nǹkan bá já ní ọ̀nà Ìgàngán, mẹkáníìkì yín wà nítòsí, ọjà Aráròmí ní Agodi Gate n'Ìbàdàn kò sì jìnnà. Èmi fẹ́ kí ọkọ̀ já síbẹ̀ nígbà mẹ́ta ju kó já lẹ́ẹ̀kan ní Guinea.

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ìwé ni omi tí mò ń sọ. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún wa láyè ọjọ́ 90 láì gba físà, ó sì fún mọ́tò aládàáni náà ní ọjọ́ 90, bí láísẹ́ǹsì awakọ̀, ìwé ọkọ̀ àti ìwé adójútòfò bá pé. Adójútòfò yẹn ni wọ́n ń pè ní Brown Card, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnu lọ́dún 1982; ilé iṣẹ́ adójútòfò nílé ni ẹ ti máa gbà á. Mauritania àti Morocco kò sí nínú ètò Brown Card yìí. Mali, Niger àti Burkina Faso sì ti jáde kúrò nínú ECOWAS ní oṣù kìíní ọdún 2025. Nítorí náà, etíkun ni èmi yóò gbà. Yẹ́lò káàdì pẹ̀lú, láti ọwọ́ àwọn elétò ìlera gan-an, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ igi.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn wa kì í rántí: nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì jíìpù yín sí tókunbọ̀ mìíràn, nọ́ńbà tó wà lára irin kò bá ti inú ìwé mu mọ́. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà wa lè má wò ó. Ẹni tó ń sọ Faransé ní bodè yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò sì kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó kúrò nílé. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá wà nínú ìwé ọkọ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ láti ọwọ́ onítọ̀hún.

Láti bodè Ìdí-Ìrókò dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), wọ́n ṣì máa gbọ́ Yorùbá yín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá bodè náà ṣí: wọ́n ti gbogbo bodè orí ilẹ̀ wa pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Ìdí-Ìrókò sì dúró di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ní ẹnu bodè Benin, ẹ gba laissez-passer fún ọkọ̀, kí ẹ wo ọjọ́ tó máa parí. Ní ti àbọ̀, ìjọba wa ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé gba orí ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Jíìpù tó rin ọ̀nà jíjìn padà dé, tí eruku bò, tó kún fún ẹrù, lè jọ èyí tí ẹ lọ rà ní Kútọnu lójú kọ́sítọ́ọ̀mù. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń jáde, ẹ dúró níwájú wọn ní Ìdí-Ìrókò, kí ẹ béèrè fún ìwé olóǹtẹ̀ tó ní nọ́ńbà ṣáásí yín nínú, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì.