Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí Ó Ń Wá Iṣẹ́ àti Ẹni tí Ó Fẹ́ Pààrọ̀ Iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí bá àwọn ará Owódé Ẹ̀gbá àti agbègbè rẹ̀ mu. Ní ayé àtijọ́, iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn mọ̀: ìrẹsì, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ. Ọkọ̀ ojú irin tí ó gba Ìfọ̀ kọjá dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ ní Ewékorò ní ọdún 1960. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gba Ìbafò àti Mowé kọjá, ṣí ní ọdún 1978. Bí àwọn ará Èkó ti ń tẹ̀dó sí ẹ̀bá ọ̀nà náà ni ilé ń jẹ ilẹ̀ oko. Àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ mọ́ àti ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé wá ń pàdé ní ẹnu-ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan náà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó fi owó tàbí ọdún rẹ̀ lé iṣẹ́ kan lórí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́.

Ohun tí ìtàn kọ́ni

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún náà lé ní 800,000. Nígbà tí àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé parí ní òpin ọdún 1960, iṣẹ́ akọ̀wé ni púpọ̀ nínú wọn ń retí, ṣùgbọ́n àga tí ó wà ní ọ́fíìsì kò kárí. Ìjọba dá oko ìtẹ̀dó sílẹ̀ láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ìgbàlódé. Àwọn kan dúró. Àwọn mìíràn fi oko náà sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìwé ẹ̀rí dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó láti bọ́ ènìyàn. Iṣẹ́ tí ènìyàn kò sì fi ọkàn yàn kì í tọ́jọ́.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Kí ènìyàn wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀

Ẹni tí ó fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ka ìmọ̀ àtijọ́ sí òfo. Ẹ jẹ́ kí a wo ìrẹsì Ọ̀fadà, tí ó gba orúkọ lára ìlú kan tí kò jìnnà sí Mowé. Kí ó tó di ohun tí à ń sè, a ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó bọ̀ ọ́, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, a ó fẹ́ ẹ, a ó sì ṣa òkúta inú rẹ̀. Òkúta yìí gan-an ni àwọn oníbàárà máa ń ráhùn sí. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ dínkù ṣì mọ ìrẹsì tí ó gbó yàtọ̀ sí èyí tí kò gbó. Bí ó bá ra ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sá a sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì mímọ́, tí ó sì ṣa òkúta rẹ̀ tán, ó ti pààrọ̀ iṣẹ́ láìsọ ìmọ̀ rẹ̀ nù.

Kí ó má sì ṣe kánjú fi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ pátápátá kí èyí tuntun tó lè bọ́ ilé. A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn bí odò ti jìn tó.

Ẹ̀kọ́ kejì: Kí àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ wà nínú ìwé

Òfin ọdún 2004 ní kí òbí jẹ́ kí ọmọ parí ọdún 9 àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn èyí, kí òbí tó fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́, kí ó lọ wo ibi iṣẹ́ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ǹjẹ́ iṣẹ́ ń wọlé? Ǹjẹ́ ọ̀gá ń fi iṣẹ́ han àwọn ọmọ, àbí omi pípọn àti ọjà rírà ni ó ń rán wọn? Kí ó bi àwọn tí ó ti gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ̀ bí nǹkan ti rí fún wọn.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 wà ní kíkọ, kí ó má ju ọdún 5 lọ, kí ọmọ náà fọwọ́ sí i, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀ràn iṣẹ́ sì jẹ́rìí sí i. Kí wọ́n kọ owó ìkọ́ṣẹ́ sí i, àti ẹni tí yóò ra irinṣẹ́, ẹni tí yóò bọ́ ọmọ, àti ohun tí ọjọ́ òmìnira yóò ná wọn. Owó àti ọtí tí a kò dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní ìparí.

Lẹ́yìn òmìnira, kí ọmọ náà ṣe ìdánwò ìjọba tí à ń pè ní Trade Test, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ipele 3 títí dé ipele 1. Ilé-iṣẹ́ tí kò mọ ọ̀gá rẹ̀ yóò mọ ìwé náà.

Ẹ̀kọ́ kẹta: A kì í fi owó ra iṣẹ́

Àwọn oníjìbìtì máa ń gba owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ iṣẹ́ àti owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń wá iṣẹ́, wọn a sì pòórá. Òfin ní kí ẹni tí ń gba òṣìṣẹ́ jọ fún ẹlòmíràn ní ìwé àṣẹ Mínísítà fún ọ̀ràn iṣẹ́. Kí ẹni tí ń wá iṣẹ́ béèrè ìwé náà, kí ó sì lọ fúnra rẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ láti mọ̀ bóyá wọ́n ń gba ènìyàn. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ni kí ó fi sílẹ̀. Kí ojúlówó padà sílé. Nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni.

Bí ó bá rí iṣẹ́, òfin ní kí agbanisíṣẹ́ fún un ní ìwé láàárín oṣù 3, tí yóò sọ irú iṣẹ́, owó àti wákàtí iṣẹ́ rẹ̀. Òfin ọdún 2024 fi owó oṣù tí ó kéré jù lọ sí 70,000 náírà, ṣùgbọ́n kò de ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ẹni tí yóò máa ti Ìfọ̀ lọ sí Èkó lójoojúmọ́, kí ó yọ owó ọkọ̀ kúrò kí ó tó yọ̀ sí owó oṣù. Bí ó bá fẹ́ kúrò lẹ́yìn oṣù 3, tí kò tíì pé ọdún 2, kí ó fún ọ̀gá ní ìwé ọ̀sẹ̀ 1 ṣáájú. Ẹni tí ó ti pé ọdún 5 yóò fún un ní oṣù 1. Òfin yìí de ọ̀gá pẹ̀lú bí ó bá fẹ́ dá a dúró. Ẹni tí ó bá fi ìwọ̀sí kúrò kò ní rí ìwé ìjẹ́rìí gbà fún iṣẹ́ mìíràn.

Iṣẹ́ pọ̀, ọ̀nà sì pọ̀. Ẹni tí ó bá béèrè kí ó tó lọ kò ní ṣìnà.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní yàrá ìkàwé

1. Iṣẹ́ wo ni ó súnmọ́ iṣẹ́ oko tí àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ dínkù lè ṣe ní agbègbè yìí?
2. Àwọn nǹkan wo ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́?
3. Báwo ni a ṣe lè dá oníjìbìtì tí ń ta iṣẹ́ mọ̀?