Nígbà Tí Odò Ká Àwọn Onímọ̀ Omi Mọ́lé

Odò Iowa ṣàn gba ìlú Iowa City kọjá, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó la ọgbà Yunifásítì Iowa sí méjì. Létí odò yìí gan-an ni wọ́n kọ́ ilé ìwádìí omi ti yunifásítì náà sí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí níbẹ̀ bí omi ṣe ń ṣàn, bí ó ṣe ń wọ́ iyanrìn lọ, àti bí ó ṣe ń jẹ ìdí afárá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, odò náà kún kọjá bèbè rẹ̀, ó sì ká wọn mọ́lé.

Òjò ọjọ́ kan kọ́ ló dá a sílẹ̀. Yìnyín já bọ́ gan-an nígbà òtútù tó ṣáájú, nígbà tó sì yọ́, ilẹ̀ mu omi yó. Láti ìparí oṣù karùn-ún ni òjò ńlá ti ń rọ̀ léraléra, ilẹ̀ ò ráàyè gbẹ. Àgbàdo àti sóyà tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni, gbòǹgbò wọn kò tíì lè fa omi púpọ̀. Ohun kan sì tún wà tó ti pẹ́ nílẹ̀. Kí wọ́n tó sọ ibẹ̀ di oko, koríko gíga tí gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀ jinlẹ̀ ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Iowa. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 100. Wọ́n tún ri páìpù sábẹ́ oko káàkiri kí omi má bàa dágún sí ìdí ọ̀gbìn, inú odò sì ni omi páìpù ń lọ. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí bí páìpù wọ̀nyí ṣe dá kún omíyalé náà tó.

Dáàmù kan wà lókè odò, Coralville ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1958 kí ó lè máa dá omi dúró, kí wọ́n sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí adágún ẹ̀yìn dáàmù bá kún dé ojú ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àkúnwọ́sílẹ̀, omi yóò gba ibẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè dá a dúró mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1993. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2008. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, odò náà ga ju ẹsẹ̀ bàtà 31 lọ ní Iowa City, ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ju ti 1993 lọ.

Àwọn olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú jọ ń bu iyanrìn sínú àpò, wọ́n ń tò ó yí ilé ká. Ní ilé ìkàwé, wọ́n tò láti àjà ilẹ̀ dé òkè, ìwé ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn kí omi tó dé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yunifásítì náà, tí iṣẹ́ ọnà àwọn Yorùbá wà lára ohun tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀, kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀ jáde lásìkò. Ó dára tí wọ́n tètè kó o, nítorí omi wọ ilé náà, kò sì ṣeé kó iṣẹ́ ọnà pa mọ́ sí mọ́. Ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí ilé tuntun. Ilé tó lé ní 20 ni omi bà jẹ́ nínú ọgbà náà, títí kan ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná.

Ti ìlú Cedar Rapids, tí kò jìnnà síbẹ̀, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odò Cedar ló gba ibẹ̀ kọjá. Gíga tó ga jù tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà, ó kọjá 31. Wọ́n to ọkọ̀ ojú irin tí òkúta kún inú rẹ̀ sórí afárá kan kí afárá náà lè wúwo, kí omi má bàa gbé e. Omi wó afárá náà tòun ti ọkọ̀ orí rẹ̀. Ilé tó lé ní 5,000 ni omi ya wọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó pàdánù ilé ti gbọ́ ọ rí pé “omíyalé ọgọ́rùn-ún ọdún” ni èyí tó le jù, wọ́n sì rò pé lẹ́yìn ti 1993, ó di ìran mìíràn. Ìtumọ̀ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé lọ́dọọdún, ewu pé yóò ṣẹlẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 100. Ká ní ẹnì kan kó 100 ekùrọ́ sínú àpò, tó fi ẹfun sàmì sí ẹyọ kan, tó ń mú ẹyọ kan jáde lọ́dọọdún láìwò, tó sì ń dá a padà. Ẹlẹ́fun lè jáde lọ́dún yìí, kó tún jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá gbé àdúgbò tí irú omíyalé bẹ́ẹ̀ lè dé fún ọdún 30, ewu pé omi yóò ya wọ ilé rẹ̀ tó ìdá 26 nínú 100. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣàlàyé èyí fún ará ìlú tipẹ́.

Ìṣòro kejì ni pé iye ẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n ń kéde kò yé ẹni tó ń gbọ́ ọ. Kò mọ̀ bóyá omi yóò dé ẹnu ọ̀nà òun. Ní ọdún 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ Iowa fi owó sílẹ̀ láti dá ibùdó ìwádìí omíyalé sílẹ̀ ní yunifásítì náà. Witold Krajewski àti Larry Weber ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ tó ń fi hàn, bí omi bá ṣe ń ga sí i, òpópónà tí yóò bò. Wọ́n tún ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ara afárá. Ẹ̀rọ yìí ń rán ìró sí ojú omi nísàlẹ̀, ó sì ń ka bí ìró náà ṣe pẹ́ tó kó tó padà. Bí omi bá ga, ìró á tètè dé. Oòrùn ló ń fún un ní iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ló sì ń gba fi iye tó kà ránṣẹ́. Ó ti lé ní 200 irú rẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni sì lè wo ohun tí wọ́n kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, odò Cedar tún kún dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 22, èyí tó ga ṣìkejì nínú àkọsílẹ̀ ìlú Cedar Rapids. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti mọ̀ ṣáájú pé ó ń bọ̀. Wọ́n to agbọ̀n wáyà tí iyanrìn kún inú rẹ̀ gba àárín ìlú, kò sì jẹ́ kí omi ya wọ èyí tó pọ̀ jù nínú ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Àwọn onímọ̀ náà tún bá àwọn àgbẹ̀ òkè odò ṣiṣẹ́, wọ́n gbẹ́ adágún kéékèèké sínú oko wọn. Bí òjò ńlá bá rọ̀, adágún á gba omi náà dúró, páìpù tóóró tó wà nínú rẹ̀ á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sínú odò.