Ìdí Tí Irúgbìn Elégédé Olómi Ọsàn Fi Lè So Èyí Tó Ní Àwọ̀ Ewé

 

Ìbéèrè kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ni a fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ lónìí. Àgbẹ̀ kan ra elégédé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ pọ́n dáadáa bí ọsàn tó gbó. Ó tọ́jú irúgbìn rẹ̀, ó gbìn ín, ó sì bá oníbàárà kan ní Accra ṣe àdéhùn pé elégédé olómi ọsàn ni òun yóò kó wá. Nígbà tí ìkórè dé, àwọn kan pọ́n bí ìyá wọn, àwọn kan ní àwọ̀ ewé, àwọn mìíràn sì dà bí eérú. Oníbàárà mú àwọn tó pọ́n, ó fi ìyókù sílẹ̀. Àgbẹ̀ náà wá béèrè pé: "Ṣé ilẹ̀ mi ni kò dára ni, àbí ẹni tó ta elégédé fún mi ló tàn mí jẹ?"

Kò sí èyí tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ìran ni. Ẹni tó bá mọ bí elégédé ṣe ń jogún àwọ̀ kò ní pàdánù irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́.

*Òbí méjì ni elégédé ní*

Orí ìtàkùn kan náà ni òdòdó akọ àti òdòdó abo máa ń wà. Ẹ óò dá abo mọ̀ nítorí pé ọmọ elégédé kékeré kan wà ní ìdí rẹ̀. Akọ kò ní in, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ló dúró lé. Kòkòrò oyin ló ń gbé ìyẹ̀fun inú akọ lọ sínú abo, oyin kò sì mọ ààlà oko. Ó lè gba oko ẹlòmíràn wá kí ó tó bà lé orí tiyín.

Nínú irúgbìn kọ̀ọ̀kan, okùn àbùdá 40 ló wà: 20 láti ọ̀dọ̀ ìyá, 20 láti ọ̀dọ̀ bàbá. Orí àwọn okùn yìí ni apilẹ̀ àbùdá wà, ìyẹn àwọn àṣẹ kéékèèké tí òbí fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ elégédé máa ń ní àwọ̀ ewé nígbà tó bá wà ní kékeré. Bó ti ń gbó, àwọ̀ ewé yẹn á máa parẹ́, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní carotene á sì máa hàn. Òun ló ń mú kí elégédé pọ́n bí ọsàn, òun náà ló wà nínú kárọ́ọ̀tì. Apilẹ̀ àbùdá ló ń pàṣẹ bóyá àwọ̀ ewé yóò parẹ́ pátápátá, àti bí carotene yóò ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ju ẹyọ kan lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí olómi ọsàn, pupa, ìyeyè, eérú àti aláwọ̀ ewé.

*Àwọ̀ tó fara pa mọ́*

Ẹ jẹ́ ká mú apilẹ̀ àbùdá kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ, kó lè yé wa. Elégédé gba àṣẹ kan lọ́dọ̀ ìyá, ó gba ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá. Bí ọ̀kan bá sọ pé "pọ́n bí ọsàn," tí èkejì sì sọ pé "máa ní àwọ̀ ewé," ọ̀kan lè bo èkejì mọ́lẹ̀. Ká ní ti ọsàn ló borí. Elégédé yẹn yóò pọ́n, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Bí òdòdó akọ àti abo orí irú ìtàkùn bẹ́ẹ̀ bá pàdé, nínú irúgbìn 4, nǹkan bí 3 yóò so olómi ọsàn, 1 yóò so aláwọ̀ ewé. Bó bá wá jẹ́ pé ìtàkùn aláwọ̀ ewé ni oyin ti gbé ìyẹ̀fun wá, nǹkan bí ìdajì ni yóò jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ wa nìyẹn. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ojú kò lè rí gbogbo ohun tó wà nínú irúgbìn.

*Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ*

Èèpo elégédé jẹ́ ara ìyá. Bàbá yòówù kó jẹ́, kò ní yí àwọ̀ elégédé tó wà lórí ìtàkùn nísinsìnyí padà. Inú irúgbìn ni iṣẹ́ bàbá wà, àsìkò tó ń bọ̀ ni yóò tó hàn. Nítorí náà, elégédé tó rẹwà lọ́jà sọ ìyá rẹ̀ fún yín, kò sọ bàbá.

Ti àgbàdo yàtọ̀. Bí ẹ bá gbin àgbàdo olómi ọsàn, irú bíi Honampa tí àjọ CSIR-Crops Research Institute mú jáde ní Gánà, tí àgbàdo funfun aládùúgbò sì wà nítòsí, ẹ óò rí hóró tó ṣì lára ìṣù kan náà ní àsìkò yẹn gan-an. Ọ̀dùnkún tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Apomuden, ọ̀dùnkún olómi ọsàn tí àjọ náà gbé jáde ní ọdún 2005, ìtàkùn rẹ̀ ni a ń gé gbìn. Ọmọ kò ní bàbá tuntun, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í yí padà. Bákan náà ni pákí aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 2011, igi rẹ̀ ni a ń gbìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbin elégédé àti àgbàdo ló yẹ kó ṣọ́ bàbá.

*Bí àwọn tó ń gbin elégédé ràbàtà ṣe ń ṣe é*

Ní Kánádà, Howard Dill, àgbẹ̀ ará Windsor ní Nova Scotia, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa irúgbìn títí ó fi mú ìran Atlantic Giant jáde. Ìran yìí ni elégédé ràbàtà òde òní ti wá. Ní ọdún 2023, ọ̀kan tí Travis Gienger gbìn ní Amẹ́ríkà tó kílò 1,247, ó wúwo ju mọ́tò kékeré lọ.

Àwọn àgbẹ̀ yìí kì í fi òdòdó sílẹ̀ fún oyin. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń da akọ pọ̀ mọ́ abo, wọ́n á sì kọ orúkọ ìyá àti ti bàbá sílẹ̀ fún irúgbìn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń wá ìwúwo yóò mú òbí tó wúwo. Ẹni tó ń wá àwọ̀ yóò mú òbí tí ọmọ rẹ̀ máa ń pọ́n. Ìwúwo àti àwọ̀ kì í ṣe ogún kan náà, ìdí nìyẹn tí èyí tó tóbi jù fi lè ṣì lójú. Ìwé àkọsílẹ̀ wọn ni ká fi kọ́gbọ́n.

*Ohun tí ẹ lè ṣe lóko yín*

1. Nírọ̀lẹ́, ẹ wá òdòdó akọ àti abo tí yóò là lọ́jọ́ kejì. Ẹ óò rí i pé orí wọn ti ń di ìyeyè. Ẹ fi òwú di ẹnu wọn kí oyin má bàa wọlé.
2. Láàárọ̀ kùtù, ẹ já akọ, ẹ bọ́ ewé òdòdó rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ìyẹ̀fun rẹ̀ pa àárín abo. Orí ìtàkùn kan náà ni kí akọ àti abo ti wá.
3. Ẹ tún abo dì padà, kí ẹ so òwú pupa mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ìtàkùn náà sínú fóònù yín.
4. Ẹ jẹ́ kó gbó dáadáa kẹ́ ẹ tó ká a. Ẹ tọ́jú irúgbìn elégédé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má dà wọ́n pọ̀.
5. Ní àsìkò tó ń bọ̀, ẹ gbin ó kéré tán 12 láti inú elégédé kọ̀ọ̀kan. Bí àwọ̀ ewé bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ṣeé ṣe gan-an kẹ́ ẹ rí i lára ọ̀kan. Ìdílé tí gbogbo ọmọ rẹ̀ bá pọ́n ni kí ẹ dì mú, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún àsìkò kan tàbí méjì sí i.

Ẹ̀gúsí tàbí bàrà tó wà nítòsí kò lè ba àwọ̀ elégédé jẹ́, ìran wọn yàtọ̀. Bó bá sì jẹ́ irúgbìn háíbíríìdì ni ẹ rà, ẹ má tọ́jú ọmọ rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ kan náà.

*Kí ẹ tó ju aláwọ̀ ewé nù*

Àwọ̀ èèpo àti àwọ̀ inú kì í ṣe àṣẹ kan náà. Elégédé tí èèpo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé lè pọ́n nínú ju èyí tó pọ́n lóde lọ. Inú yẹn ni à ń jẹ, carotene inú rẹ̀ ni ara wa ń sọ di fítámì A tó ń ran ojú lọ́wọ́, pàápàá bí a bá fi epo díẹ̀ sè é. Àgbẹ̀ tó bi wá ní ìbéèrè lè gé ọ̀kan nínú aláwọ̀ ewé rẹ̀, kí ó fi inú rẹ̀ han oníbàárà mìíràn tó ń wá elégédé fún ọbẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ gé ọ̀kan wò kí ẹ tó ta ìyókù lówó pọ́ọ́kú.

Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ ya fọ́tò elégédé yín, òde àti inú, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa níbí.