Àpótí Ìmọ̀: Imí-eṣú Ni àbí Akíntọ́lá?

Ìdílé kan náà, Asteraceae, ni ewéko méjì yìí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru sì ni wọ́n ti wá. Ewé wọn máa ń kọjú síra ní méjì-méjì. Òdòdó wọn rí bí ìdì òwú kékeré, ó lè funfun, ó sì lè ní àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn méjèèjì ló ń rùn bí a bá fọwọ́ ra ewé wọn, nítorí náà imú nìkan kò tó.

Ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti akíntọ́lá (Chromolaena odorata), tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, ní igun mẹ́ta, iṣan mẹ́ta sì là láti ìdí rẹ̀ bí fọ́ọ̀kì. Ti imí-eṣú (Ageratum conyzoides) rí bí ẹyin, irun sì wà lára igi rẹ̀. Ẹ wá gbé òdòdó kọ̀ọ̀kan sórí àtẹ́lẹwọ́: ti akíntọ́lá gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ti imí-eṣú kúrú, ó tẹ́ bí ife. Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù nìyí.

Imí-eṣú kì í sábà ga ju mítà kan lọ. Akíntọ́lá ń ga ju ènìyàn lọ, ìgbà ọyẹ́ ló sì máa ń tanná jù. Ẹ má ṣe se imí-eṣú mu o: oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ohun ìyanu kan tún wà. Imí-eṣú ló ń jẹ́ orúkọ eṣú, ṣùgbọ́n òdòdó akíntọ́lá ni tata aláwọ̀ mèremère inú oko wa máa ń rọ́ lọ bá.