Bàbá, Kò Tíì Pẹ́ Jù Láti Pa Sìgá Náà

Ẹ̀yin àgbà ilé ni ọ̀rọ̀ wa kàn lọ́sẹ̀ yìí. Bí a bá bẹ àgbàlagbà pé kí ó jáwọ́ nínú sìgá, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé: “Ọmọ mi, ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń fà á. Ohun tí yóò bàjẹ́ ti bàjẹ́.” Àṣìrò gbáà ni èyí.

Ọkàn tí ń lù kìkì láyà wa ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara tọ̀sán tòru. Èéfín sìgá ń ba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ọ̀rá a lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀nà a sì há. Ó tún ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan tí ń bọ́ ọkàn, apá kan ọkàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú. Bí ó bá dí ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Bí ènìyàn bá fi sìgá sílẹ̀ fún ọdún kan, ewu àrùn ọkàn tí sìgá fi kún tirẹ̀ yóò ti dín kù tó ìdajì. Láti ọdún 1951 sí 2001, Richard Doll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí dókítà ọkùnrin tí ó lé ní 34,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí kò jáwọ́ nínú sìgá kú ní bí ọdún 10 ṣáájú àwọn tí kò fà á rí. Àwọn tí ó jáwọ́ ní ẹni 50 ọdún jèrè bí ọdún 6. Àwọn tí ó jáwọ́ ní ẹni 60 ọdún jèrè bí ọdún 3. Ọdún mẹ́ta tí a ó fi bá ọmọ-ọmọ ṣeré, ṣé kékeré ni?

Ọtí ńkọ́? Àwọn kan ní ife ògógóró kékeré ń fún ọkàn lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọtí ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì lè mú kí ọkàn máa lù ségesège. Omi ara àgbà ti dín kù, nítorí náà ife kan náà ń pa á ju ti ọ̀dọ́ lọ. Bí ó bá sì pàdé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òòyì lè gbé ni ṣubú. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí kò léwu fún ìlera.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ dá ọjọ́ tí ẹ ó jáwọ́, ẹ sọ fún ará ilé, ẹ kó sìgá àti ìṣáná dànù. Ẹ má fi aáṣáà rọ́pò rẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà, nítorí oògùn wà tí ń ranni lọ́wọ́. Ẹni tí ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà, kí gìrì má baà gbé e.

Ẹ̀yin ọmọ, bí àyà bá ń fún bàbá tàbí ìyá yín pinpin, tí ìrora ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù sì ń bò wọ́n, ẹ má ṣe pè é ní inú kíkún. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ìgbàkígbà tí a bá jí ni òwúrọ̀ ẹni. Ẹ jí lónìí o.